GẸ̀GẸ̀ ÀTI Ẹ̀YÀ ARA KÉKERÉ TÍ Ó WÀ NÍ IWÁJÚ ỌRÙN
Ọ̀rọ̀ ìlera fún àwọn ará Jakande Estate, Ìsọlọ̀, àti fún gbogbo ilé ìkàwé

Àwọn àgbà ni ó sọ pé ara líle ni oògùn ọrọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá le, bí ó ní owó, kò lè gbádùn rẹ̀. Bí ó ní iṣẹ́, kò lè ṣe é. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó mọ̀ nípa ọkàn, nípa ẹ̀dọ̀ àti nípa kíndìnrín, ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara kan wà ní iwájú ọrùn tí ọ̀pọ̀ kì í rántí àfi nígbà tí ó bá wú, tí ó sì di gẹ̀gẹ̀. Àwọn oníṣègùn ń pè é ní táírọ́ìdì. Ó kéré, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò kéré rárá. Òun ni ọ̀rọ̀ òní dá lé.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan àwọn ará Jakande Estate ní Ìsọlọ̀ kò ṣòro láti rí. Nígbà tí Alhaji Lateef Jakande jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, láti ọdún 1979 sí 1983, ni ìjọba rẹ̀ kọ́ àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú káàkiri Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn mẹ̀kúnnù. Ènìyàn láti ìlú púpọ̀ ni ó ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀. Olúkúlùkù ni ó sì gbé oúnjẹ ìlú rẹ̀ àti ìgbàgbọ́ ìlú rẹ̀ wá. Lórí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo, ènìyàn lè gbọ́ ìtumọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọrùn kan tí ó wú: ẹnì kan yóò ní àfiṣe ni, èkejì yóò ní àìsàn ìdílé ni, ẹ̀kẹta yóò ní omi tí onítọ̀hún mu ní kékeré ni. Ó yẹ kí olúkúlùkù mọ èyí tí ó jẹ́ òótọ́, nítorí pé ìtumọ̀ tí a bá gbà ni yóò sọ ibi tí a ó gbà lọ wá ìwòsàn.

IBI TÍ Ó WÀ, ÀTI IṢẸ́ RẸ̀

Bí ènìyàn bá fi ìka kan gògóńgò, kí ó sọ ìka náà kalẹ̀ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni táírọ́ìdì wà. Ó dà bí labalábá tí ó na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, tí ó sì bà lé ọ̀nà tí èémí ń gbà kọjá. Ìyẹ́ kan wà ní ọ̀tún, èkejì wà ní òsì. Nínú àgbàlagbà, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédéé pẹ̀lú iyọ̀ tí ó kún ṣíbí ìjẹun kan. Bí ara bá dá, ojú kì í sábà rí i.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣe oje kan tí ó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Irú oje bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ń pè ní họ́mónù. Oríṣi méjì ni ó ṣe pàtàkì jù lára ti táírọ́ìdì, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú méjèèjì ni tairọ́sìn. Ẹ̀jẹ̀ a gbé e káàkiri gbogbo ara, a sì máa sọ fún ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan bí yóò ti yára tó nínú iṣẹ́ rẹ̀. Oúnjẹ tí a ń jẹ dà bí igi ìdáná. Igi kò lè se ọbẹ̀ bí a kò bá fi iná sí i. Táírọ́ìdì ni ó ń díwọ̀n iná náà. Bí iná bá mọ níwọ̀n, ara a móoru, ọkàn a lù bí ó ti yẹ, inú a da oúnjẹ, ọpọlọ a jí pépé, egungun ọmọdé a sì máa gùn bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́.

Ta ni ó ń ṣọ́ iná náà? Ẹ̀yà ara kékeré mìíràn wà ní abẹ́ ọpọlọ, tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Òun ni ó dà bí obìnrin tí ó jókòó ti agbada tí ó ń yan gàrí. Bí agbada bá tutù, a ti igi wọlé. Bí ó bá gbóná jù, a fa igi yọ kí gàrí má baà jóná. Bákan náà ni, bí oje táírọ́ìdì bá dínkù nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yà ara yìí a rán ìránṣẹ́ sọ̀kalẹ̀ pé kí táírọ́ìdì tẹra mọ́ iṣẹ́. Bí oje bá sì ti pọ̀ tó, a dá ìránṣẹ́ dúró. Orúkọ tí àwọn oníṣègùn fún ìránṣẹ́ náà ni TSH. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń ní kí a wọn TSH nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá fura sí. Bí ìránṣẹ́ bá pọ̀ jù, ó sábà jẹ́ àmì pé táírọ́ìdì ń lọ́ra. Bí ìránṣẹ́ bá kéré jù, ó sábà jẹ́ àmì pé táírọ́ìdì ń sáré ju bí ó ti yẹ lọ.

OHUN ÈLÒ TÍ KÒ GBỌDỌ̀ WỌ́N

Kò sí alágbẹ̀dẹ tí ó lè rọ ọkọ́ láìsí irin. Irin ti táírọ́ìdì ni áyódìn. Ara kò lè dá a fúnra rẹ̀. Inú oúnjẹ ni ó ti ń wá. Bí a bá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, 150 péré nínú rẹ̀ ni àgbàlagbà nílò ní ọjọ́ kan, tí aboyún àti ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú sì nílò 250. Èyí ni a ń pè ní máíkrógíráàmù. Gbogbo èyí tí ènìyàn yóò lò láti ìgbà èwe títí di ọjọ́ ogbó kò ju kí ó kún ṣíbí tíì kan lọ. Ṣùgbọ́n a kò lè gbé ṣíbí náà mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí a sì sinmi. Díẹ̀díẹ̀ ni ara ń fẹ́ ẹ, ní ojoojúmọ́.

Òkun ni àká áyódìn. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni òjò ti ń fọ̀ ọ́ kúrò lára ilẹ̀ orí òkè, tí odò sì ń gbé e lọ sínú òkun. Nítorí náà, ohun ọ̀gbìn tí ó hù lórí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ní in tó, àwọn tí kò sì ní oúnjẹ mìíràn a ṣe aláìní rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi mọ àwọn ìlú kan ní ilẹ̀ Àkókó, ní àárín àwọn òkè ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, mọ́ gẹ̀gẹ̀ ní ìgbà àtijọ́, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ ní àyíká Nsukka ní ilẹ̀ Ìgbò. Kì í ṣe èpè ni ó wà lórí àwọn ìlú náà. Nígbà tí áyódìn kò tó, ìránṣẹ́ tí ń bọ̀ láti abẹ́ ọpọlọ kì í dẹ́kun àti máa pàṣẹ pé, “Ṣiṣẹ́! Ṣiṣẹ́!” Táírọ́ìdì a sì máa fẹ̀ kí ó lè hán ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó ń kọjá nínú ẹ̀jẹ̀. Fífẹ̀ náà ni ó ń di gẹ̀gẹ̀.

Àwọn tí ń sọ pé àìsàn ìdílé ni kò ṣe àṣìṣe pátápátá, nítorí pé àwọn àìsàn táírọ́ìdì kan wà tí ó máa ń rìn nínú ìdílé. Ṣùgbọ́n nígbà àtijọ́, ohun tí ó sábà ń fà á tí gẹ̀gẹ̀ fi ń mú ìyá, tí ó sì tún ń mú ọmọ, ni pé inú ìkòkò kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun.

Ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní àwọn ọdún 1960, Dókítà O. L. Ekpechi ṣe ìwádìí lórí gẹ̀gẹ̀ ní ilẹ̀ Ìgbò, ó sì fi hàn pé ẹ̀gẹ́ tí àwọn ènìyàn ń jẹ ní àjẹpọ̀ ń dá kún àìtó áyódìn. Májèlé kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Bí ó bá wọ inú ara, a di ohun mìíràn tí ó ń dí áyódìn lọ́nà kí ó má lè wọ inú táírọ́ìdì. Rírọ ẹ̀gẹ́, jíjẹ́ kí ó kan, fífún omi rẹ̀ àti yíyan án lórí iná ni ó ń lé èyí tí ó pọ̀ jù nínú májèlé náà lọ. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rù gàrí. Gàrí tí a kánjú ṣe nítorí èrè, tí a kò jẹ́ kí ó kan dáadáa, ni kí a yẹra fún. Kí áyódìn má sì ṣe wọ́n nínú ọbẹ̀ tí a fi ń jẹ ẹ̀bà.

BÍ AYÉ ṢE RÍ ỌGBỌ́N RẸ̀

Kì í ṣe ọjọ́ kan ni ọgbọ́n yìí dé. Ní ọdún 1883, Theodor Kocher, oníṣẹ́ abẹ kan ní ilẹ̀ Switzerland, jẹ́ kí ayé mọ̀ pé àwọn tí òun gé gbogbo táírọ́ìdì wọn kúrò nítorí gẹ̀gẹ̀ ti di ẹni tí ojú wọn wú, tí wọ́n ń lọ́ra, tí ọgbọ́n wọn sì ń rẹ̀yìn. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn gbangba pé ẹ̀yà ara yìí kì í ṣe ohun tí a lè gé dànù bí èékánná. Wọ́n fún Kocher ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1909.

Ní ọdún 1891, George Murray, dókítà kan ní ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún obìnrin kan tí táírọ́ìdì rẹ̀ ti kú ní oje tí a rí láti inú táírọ́ìdì àgùntàn. Ara obìnrin náà yá, ó sì tún lo ọdún 28 láyé. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, ọdún 1914, Edward Kendall, ọmọ Amẹ́ríkà, yọ tairọ́sìn fúnra rẹ̀ jáde. Lónìí, ilé iṣẹ́ oògùn ni ó ń ṣe é ní oníhóró, kò sì sí ẹni tí ó tún ní láti wá àgùntàn.

Ní ti gẹ̀gẹ̀, ilẹ̀ Switzerland ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí fi áyódìn sínú iyọ̀ ní ọdún 1922. Ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1924. Iyọ̀ ni wọ́n yàn nítorí pé olówó ń jẹ ẹ́, tálákà ń jẹ ẹ́, ìwọ̀n tí olúkúlùkù ń jẹ lójúmọ́ kò sì jìnnà sí ara wọn. Ní Nàìjíríà, ọdún 1993 ni ìjọba àpapọ̀ fi lélẹ̀ pé gbogbo iyọ̀ tí ènìyàn ń jẹ gbọ́dọ̀ ní áyódìn nínú. NAFDAC, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, àti SON, àjọ tí ń mójú tó ojúlówó ọjà, ni ó ń ṣọ́ ọ.

IYỌ̀ INÚ ILÉ

Ìjọba lè ṣe òfin, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni ó ni ìkòkò ọbẹ̀. Bí kílógíráàmù iyọ̀ kan bá ní mílígíráàmù áyódìn 30 nínú, iyọ̀ tí ó kún ṣíbí tíì kan, èyí tí í ṣe gíráàmù 5, yóò fún ènìyàn ní 150 máíkrógíráàmù gẹ́lẹ́. Gíráàmù 5 náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má ṣe dé lójúmọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé nítorí gẹ̀gẹ̀ ni òun fi ń bu iyọ̀ púpọ̀ sí ọbẹ̀. Iyọ̀ díẹ̀ tí áyódìn inú rẹ̀ pé ni ó dára.

Áyódìn a máa fò lọ. Oòrùn, ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀. Iyọ̀ tí a tú sílẹ̀ nínú abọ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nínú oòrùn ọjà, tí a sì ń wọ̀n ní kọ́ńgò, lè ti pàdánù púpọ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó dé ilé. Ó sàn kí a ra èyí tí ó wà nínú ọ̀rá tí a lẹ̀ pa, tí a kọ áyódìn àti nọ́ńbà NAFDAC sí lára. Bí a bá mú un délé, kí a dà á sínú ike tí ó ní ìdérí, kí a gbé e jìnnà sí ààrò àti sí ojú fèrèsé. Ó sì dára kí a fi í sínú ọbẹ̀ nígbà tí ọbẹ̀ bá kù díẹ̀ kí ó jinná. Àwọn ẹja òkun bíi títù, ṣáwá àti panla náà ní áyódìn nínú, gẹ́gẹ́ bí ẹyin àti wàrà ti ní in.

Ẹnì kan lè wí pé Èkó wà létí òkun, nítorí náà gẹ̀gẹ̀ kò lè jà níbẹ̀. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ òkun ni ara fi ń ṣiṣẹ́, bí kò ṣe oúnjẹ. Ẹni tí ó ń gbé Ìsọlọ̀, tí iyọ̀ rẹ̀ kò ní áyódìn, tí kò sì fojú kan ẹja òkun, kò sàn ju ẹni tí ó ń gbé orí òkè lọ.

NÍGBÀ TÍ INÁ BÁ KÉRÉ JÙ, ÀTI NÍGBÀ TÍ Ó BÁ PỌ̀ JÙ

Kì í ṣe gbogbo àìsàn táírọ́ìdì ni ó ń wú ọrùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni àìtó áyódìn ń fà. Nígbà mìíràn, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, tí ó yẹ kí ó máa bá àrùn jà, ni ó ń kọjú ìjà sí táírọ́ìdì. Àwọn obìnrin ni èyí sì máa ń ṣe jù.

Bí oje bá kéré jù, òtútù a máa mú onítọ̀hún nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń làágùn. Á máa rẹ̀ ẹ́, á sanra láìjẹun púpọ̀, ojú rẹ̀ á wú, awọ ara rẹ̀ á gbẹ, ìgbẹ́ rẹ̀ á le, ohùn rẹ̀ á kẹ̀, nǹkan oṣù rẹ̀ lè pọ̀ jù, á sì máa gbàgbé nǹkan. Àwọn ará ilé lè máa pè é ní ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ àìsàn ni.

Bí oje bá pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ooru á máa mú un, ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkì, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, oorun á dá lójú rẹ̀, á máa jẹun dáadáa síbẹ̀ á máa rù. Ní ti àwọn kan, ẹyinjú á yọ síta. Robert Graves, dókítà kan ní ìlú Dublin, ni ó kọ̀wé nípa oríṣi yìí ní ọdún 1835. Nígbà tí ènìyàn bá ń rù bẹ́ẹ̀, àwọn aládùúgbò a bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé éèdì ni, tàbí pé ayé ni ó ń bá a jà. Ìtìjú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti pa ọ̀pọ̀ mọ́ inú ilé títí ọkàn fi dẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ìdánwò ẹ̀jẹ̀ ni yóò sọ òótọ́, ìtọ́jú rẹ̀ sì wà.

ÌYÁ ÀTI ỌMỌ

Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo jù nìyí. Kí oyún tó tó oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọmọ inú kò tíì lè ṣe oje tirẹ̀ tó. Oje ìyá rẹ̀ ni ó ń lò láti fi mọ ọpọlọ rẹ̀. Bí ìyá kò bá ní in tó, oyún lè bàjẹ́, tàbí kí a bí ọmọ tí kò ní lè mọ̀wé bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó bàjẹ́ nígbà náà ṣòro láti tún ṣe lẹ́yìn. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú ọmọ 2,000 sí 4,000 tí a bá bí ní ayé, a máa ń rí ọ̀kan tí táírọ́ìdì tirẹ̀ kò ṣiṣẹ́ láti inú oyún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní gìgísẹ̀ gbogbo ọmọ tuntun láti fi wá a rí. Ní Nàìjíríà, èyí kò tíì di ohun tí a ń ṣe fún gbogbo ọmọ, nítorí náà ojú ìyá ni ó gbọ́dọ̀ là. Ọmọ tí ó ń sùn jù, tí kò fẹ́ mu ọmú, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí ìgbẹ́ rẹ̀ le, tí ìdodo rẹ̀ yọ, tí ahọ́n rẹ̀ tóbi, tí igbe rẹ̀ sì kẹ̀, kí a má ṣe máa yìn ín pé ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, oògùn oníhóró kékeré kan lójúmọ́ lè jẹ́ kí ó dàgbà, kí ó sì gbọ́n bí ọmọ yòókù. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀, oògùn náà kò lè dá ọgbọ́n tí ó ti lọ padà.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ OLÚKÚLÙKÙ ṢE

Ẹ mú dígí, ẹ gbé orí sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ mu omi kan ẹnu kan, kí ẹ sì máa wo abẹ́ gògóńgò bí omi náà ti ń lọ. Bí ohun kan bá yọ síta tí ó sì ń lọ sókè sódò pẹ̀lú omi, ẹ lọ fi han dókítà. Ẹni tí ó wà ní Ìsọlọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìtọ́jú alábọ́dé tí ó wà ní àdúgbò rẹ̀ tàbí ní General Hospital Ìsọlọ̀. Wọn yóò darí ẹni tí ó bá yẹ lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Bí kókó náà bá le, tí ó ń yára dàgbà, tí ohùn ń yí padà tàbí tí òkèlè kò fẹ́ lọ, kí onítọ̀hún má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣú bá a nílé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí a sín gbẹ́rẹ́ sí i lọ́rùn, kí ó má sì ṣe mu áyódìn tí a fi ń tọ́jú egbò. Áyódìn àpọ̀jù náà a máa ba táírọ́ìdì jẹ́.

Ẹni tí dókítà bá fún ní tairọ́sìn, kí ó fi omi lásán lò ó ní àárọ̀ kí ó tó jẹun, kí ó sì dúró tó ìdajì wákàtí sí wákàtí kan. Bí ó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tàbí ti egungun, bí irú èyí tí a ń fún aboyún, kí wákàtí mẹ́rin wà láàrin wọn. Kí ó má ṣe dá oògùn dúró nítorí pé ara ti yá. Oògùn náà ni ó mú kí ó yá. Obìnrin tí ó bá lóyún, kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó dé ibẹ̀ pé òun ní àìsàn táírọ́ìdì rí.

Àìsàn ni ó ṣeé wò, a kì í rí ti ọlọ́jọ́ ṣe. Gẹ̀gẹ̀ wà lára èyí tí ó ṣeé wò, ó sì tún wà lára èyí tí a lè dènà rẹ̀ pẹ̀lú ike iyọ̀ tí a dé. Kí ẹni tí ó gbọ́ sọ fún ẹni tí kò gbọ́, pàápàá jù lọ fún àwọn ìyàwó tí ọwọ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan ọmọ, kí ọpọlọ àwọn ọmọ wa lè pé.